Ẹ Bi Ìyá Tíṣà: Kí Ni Wọ́n Ṣe ní Kíláàsì Lọ́sẹ̀ Yìí?

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́. Sáà kejì ti wọlé, àwọn ọmọ ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ nínú ọyẹ́, lẹ́tà yín náà sì ti dé láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ìṣarà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló dá lórí ohun tó ń ti kíláàsì wá sílé. Àwọn kan ní kò dé rárá. Àwọn kan ní ó ń dé, ṣùgbọ́n kò yé àwọn. Tíṣà kan sì ní òun ń kọ ọ́ títí ọwọ́ ń ro òun, kò sẹ́ni tó ń kà á. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró nídìí pátákó ìkọ̀wé nílẹ̀ Ìjẹ̀bú yìí, ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gan-an, nítorí náà òun nìkan ni màá fi ojú ìwé tòní dáhùn.

Ọmọ ló ń ka ìwé tíṣà fún mi

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Tíṣà. Ẹja gbígbẹ ni mo ń tà lọ́jà Òkè-Àjẹ́. Ọmọ ọmọ mi tó wà ní Kíláàsì Kẹta ń gbé lọ́dọ̀ mi, ìyá rẹ̀ wà l'Ékòó. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, tíṣà rẹ̀ máa ń fi ìwé pélébé kan há àárín ìwé rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọmọ náà ló ń kà á fún mi, èyí tó bá sì wù ú ló ń kà. Lọ́jọ́sí ó ní wọ́n ní kí gbogbo wọn mú bisikíìtì wá, kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ń tì mí láti lọ bá tíṣà. Kí ni kí n ṣe?*
— Ìyá àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jèrè rẹ̀. Kò sí ohun ìtìjú kankan níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń jí ọmọ láàárọ̀, ẹ̀yin lẹ ń fọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ń mọ̀ bí ara rẹ̀ bá gbóná lóru. Ẹ̀yin ni tíṣà ń kọ̀wé sí. Bí ìwé náà kò bá yé yín, iṣẹ́ tó rán kò tíì dé ibi tó ń lọ, ó sì yẹ kí ó mọ̀.

Ẹ lọ bá a. Ẹ má lọ láàárọ̀ tí wọ́n bá wà lórí ìlà, kò ní ráyè dá yín lóhùn. Ọ̀sán ni kí ẹ lọ, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti ń jáde, tí òun náà ń nu pátákó, tó ń kó ìwé jọ. Ẹ sọ ọ́ fún un wọ́ọ́rọ́wọ́ pé, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. N kò mọ Gẹ̀ẹ́sì kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi ohùn sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá." Tíṣà tó bá mọṣẹ́ rẹ̀ á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Bí fóònù yín bá jẹ́ èyí tó ń gba WhatsApp, kí ó máa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni, kí ẹ̀yin àti tíṣà jọ wá òbí kan tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì kan náà, tó ń tajà nítòsí yín l'Ókè-Àjẹ́, kí onítọ̀hún máa sọ ohun tó wà nínú ìwé náà fún yín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kí èrò tó kún ọjà. N kò fẹ́ kí ọmọ náà máa ṣe ògbufọ̀ ọ̀rọ̀ tó kan òun fúnra rẹ̀. Ọmọ yín kò burú. Iṣẹ́ àgbà ni wọ́n kàn gbé lé e lọ́wọ́.

Ẹ tún gbọ́ èyí, nítorí òun ló jẹ mí lógún jù. Bí ọmọ bá dé, ẹ má bi í pé "Kí lẹ kọ́ lónìí?" "Kò sí" ni yóò fi dá yín lóhùn, gbogbo ọmọ ló ń dáhùn bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí ó gbé ìwé ìṣirò rẹ̀ wá. Kí ó ṣí i dé ojú ewé tí wọ́n kọ kẹ́yìn, kí ó fi ìka tọ́ka sí iṣẹ́ kan, kí ó wá kọ́ yín bí òun ṣe ṣe é, bí ẹni pé ẹ̀yin ni akẹ́kọ̀ọ́. Ibi tó bá ti ń kálòlò, ibẹ̀ ni kò tíì yé e. Ẹ sì wo báírò pupa. Ẹni tí kò mọ̀wé kà máa rí i bóyá tíṣà ti máàkì iṣẹ́ ọmọ tàbí kò tíì fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá ṣí ewé mẹ́rin, márùn-ún, tí kò sí báírò pupa kankan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa bá tíṣà sọ nìyẹn.

Ìṣirò tí àwọn ọmọ Kíláàsì Kẹta ń ṣe, ojoojúmọ́ lẹ ń ṣe é lórí àtẹ yín. Bí oníbàárà bá ra ẹja 7 ní ₦1,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó na ₦12,000 sí yín, ẹ ti mọ ṣéńjì rẹ̀ kí ó tó palẹ̀ ẹnu mọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà ṣírò rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sọ fún un bóyá ó gbà á. Ẹ bi í pé báwo ló ṣe rí i, kí ẹ̀yin náà sọ bí ẹ ṣe rò ó lọ́kàn. Ọ̀nà yín àti ti tíṣà lè yàtọ̀, èsì kan náà ni wọ́n máa já sí, ó sì dára kí ọmọ rí méjèèjì.

Àtàǹpàkò ni wọ́n ń tẹ̀ ránṣẹ́ sí mi

*Ẹ káàsán mà. Kíláàsì Kẹrin ni mo ń kọ́. Ọ̀gá wa ní kí tíṣà kọ̀ọ̀kan máa kọ ìròyìn kíláàsì rẹ̀ sórí WhatsApp àwọn òbí ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Mò ń ṣe é láago kan ọ̀sán: ọjọ́ ìdánwò, owó lẹ́sìn, aṣọ eré ìdárayá, orúkọ àwọn tí kò tíì sanwó. Òbí díẹ̀ ló ń fèsì, àtàǹpàkò ni wọ́n sì ń tẹ̀. Ó ti ń sú mi.*
— Tíṣà ọ̀dọ́, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọmọ mi, má jẹ́ kó sú ọ. Ohun tí ò ń ṣe dára, a kàn máa tún un tò ni.

Kọ́kọ́ yọ orúkọ àwọn tí kò tíì sanwó kúrò níbẹ̀. Má ṣe é mọ́ láéláé. Ìyá tó bá rí orúkọ ọmọ rẹ̀ lójú ọgọ́ta èèyàn nítorí owó lẹ́sìn kò ní í fèsì sí ohunkóhun tí o bá kọ mọ́, yóò sì máa sá fún ọ lójú títì. Ọ̀rọ̀ owó, kọ ọ́ sí olúkúlùkù ní ìkọ̀kọ̀. Ọjọ́ ìdánwò àti ti aṣọ, kọ wọ́n lọ́jọ́ mìíràn, ní ìlà méjì péré. Òbí tó bá rí i pé ìgbàkigbà tí orúkọ ilé-ìwé bá hàn lórí fóònù òun owó ni, ẹ̀rù ni yóò fi máa ṣí i.

Ọjọ́ Ẹtì, fi í sílẹ̀ fún ohun tí àwọn ọmọ ṣe. Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì rẹ, tí o fojú rí, ni kí o sọ. Fi ohun kan tí ilé lè ṣe láìná kọ́bọ̀ kún un, kí o sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan tí o máa lo ìdáhùn rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ìwọ wo bí èmi ìbá ṣe kọ ọ́:

"Ẹ̀yin òbí Kíláàsì Kẹrin, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú àárẹ̀ ọjà. Lọ́sẹ̀ yìí a gbé òṣùwọ̀n wọ kíláàsì. A wọn gbágùúdá tí wọ́n ti rin, ó jẹ́ kílò 4. A dì í sínú àpò, a gbé òkúta lé e, omi rẹ̀ ń ro sínú báàfù di ọjọ́ kejì. Kí a tó tún un wọ̀n, ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ iye tó rò pé yóò kù sínú ìwé. Àwọn kan kọ 3, àwọn kan kọ 1. Kílò 2 àti ààbọ̀ la bá. Ìdajì kílò mélòó ló bá omi lọ? Ẹ bi ọmọ yín, ó mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè wa sí ẹ̀yin ni pé: ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń fi gàrí sílẹ̀ kó kan nílé yín, tàbí nílé ìyá àgbà yín lóko? Kí ọmọ kọ ìdáhùn yín wá lọ́jọ́ Ajé."

Ṣé o rí i? Kò gùn. Kò sí ọ̀rọ̀ "a gbìyànjú láti mú ìmọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbòòrò sí i" níbẹ̀, nítorí kò sí òbí tó lè fọkàn rí ìyẹn. Gbágùúdá, òkúta, báàfù, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bí ọjọ́ Ajé bá dé, kọ ìdáhùn àwọn òbí sójú pátákó lóòótọ́: ilé mélòó ló ń lo ọjọ́ méjì, ilé mélòó ló ń lo ọjọ́ mẹ́rin, àwọn mélòó ló ń fi í sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí àwọn ọmọ fi ya àtẹ sínú ìwé ìṣirò wọn. Ìyá tó bá gbọ́ pé tíṣà kọ ọ̀rọ̀ òun sójú pátákó yóò fèsì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, yóò sì sọ fún aládùúgbò rẹ̀.

Ní ti gàrí yìí, ẹ̀kọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìṣirò lọ, má jẹ́ kó bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Májèlé wà nínú gbágùúdá tútù, irú èyí tó ń di sáyánáìdì bí a bá jẹ ẹ́ láìṣe é bó ṣe yẹ. Rírin, fífi sílẹ̀ kó kan, fífún omi rẹ̀ àti yíyan ló ń lé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé sáyẹ́ǹsì. Kíkan tí gàrí Ìjẹ̀bú kan, tí gbogbo Nàìjíríà fi mọ̀ ọ́n, inú ọjọ́ tí a fi í sílẹ̀ yẹn ló ti wá: àwọn kòkòrò tíntín tí ojú kò lè rí ń jẹ ṣúgà inú gbágùúdá, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ásíìdì. Bí o bá ní pépà lítímọ́ọ̀sì, ìyẹn pépà tó ń yí àwọ̀ padà bí ásíìdì bá kàn án, kí àwọn ọmọ ti í bọ omi inú báàfù lọ́jọ́ kìíní àti lọ́jọ́ kẹta, wọn yóò fojú ara wọn rí i. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ọmọ kankan tọ́ ọ wò ní tútù, má sì jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ agbada gbígbóná. Tí ìyá kan nínú àwọn òbí bá jẹ́ aláyan-gàrí, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó wá sọ bó ṣe ń yan án fún wọn. Kò sí ẹni tó lè kọ́ wọn ní ìyẹn ju òun lọ.

Aago méje sí mẹ́jọ alẹ́ ni kí o máa fi ìròyìn náà ránṣẹ́. Aago kan ọ̀sán tí ò ń fi ránṣẹ́ yẹn, inú ọjà ni wọ́n wà. Kọ ọ́ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, kí o sì ka ti Yorùbá sínú fóònù fún àwọn tí kò ráyè kàwé. Má jẹ́ kí ohùn náà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ṣé oko ni mo rán an lọ?

*Ìyá Tíṣà, mo kí yín. Mo fi ọmọ mi sílé-ìwé kó má bàa di àgbẹ̀ bíi tèmi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ní wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Inú bí mi.*
— Bàbá kan, Ìpẹru

Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í ní ohun méjì kan kí ẹ tó lọ bá wọn jà. Ọgbà ta ni? Kí ló sì kọ sínú ìwé nípa rẹ̀?

Bó bá jẹ́ ọgbà tíṣà ni, tàbí tó jẹ́ pé àwọn tó pẹ́ dé ni wọ́n fi ń jẹ níyà, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ̀tọ́ yín ni, mo sì wà lẹ́yìn yín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọgbà kíláàsì ni, tí ọmọ ń wọn gíga ẹ̀fọ́ pẹ̀lú rúlà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n bomi rin ọ̀wọ́ kan tí wọn kò bomi rin ìkejì láti fi wò ó, ẹ̀kọ́ gidi ni. Inú ọyẹ́ yìí ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ dùn jù, nítorí ìyàtọ̀ yóò hàn kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé.

Ìkẹ́nnẹ́ kò jìnnà sí yín. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní, 1956, Tai Solarin àti ìyàwó rẹ̀ Sheila dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ roko, wọ́n sin ẹran, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ tí àwọn ilé-ìwé mìíràn ń gba èèyàn fún, ìwé kíkà wọn kò sì torí ìyẹn rẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àgbẹ̀ gan-an ló yẹ kí tíṣà pè wá wo ọgbà yẹn. Ẹ yọ̀ǹda ara yín. Ọ̀pọ̀ tíṣà wa kò mọ bí a ṣe ń to ẹ̀bẹ̀.

Erédò àti Bílíkísù Ṣùǹgbọ́

*Ẹ kú làákàyè mà. Ilé-ìwé ọmọ mi obìnrin fẹ́ kó àwọn ọmọ Kíláàsì Karùn-ún lọ sí Òkè-Ẹ̀rì láti wo Erédò. Ọkọ mi ní òun kò fọwọ́ sí i, pé ojúbọ ni. Èmi rò pé ẹ̀kọ́ ni. Kí lẹ rí sí i?*
— Ìyá Ṣadé, Òdógbólú

Ẹ ṣeun tí ẹ kò jẹ́ kó di ìjà nínú ilé. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ní ohun tí ẹ rí, nítorí ohun méjì ló wà níbẹ̀, wọn kò sì yé àwọn ènìyàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Erédò fúnra rẹ̀, yàrà àti òkìtì ilẹ̀ ni. Àwọn baba ńlá wa ló fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ, wọ́n sì kó iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ gun ẹ̀gbẹ́ kan kó di odi. Ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 160, àwọn ibì kan sì wà tó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì ga tó mítà 20. Inú igbó ló pọ̀ jù sí. Láti 1995 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi tó ṣeé ṣe kí wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá àgbáyé. Kò sí ìbọ kankan nínú wíwo yàrà.

Ibi tí wọ́n ń pè ní ojú oórì Bílíkísù Ṣùǹgbọ́ ní Òkè-Ẹ̀rì ni ìkejì. Obìnrin olówó tí kò bímọ ni ìtàn ẹnu pè é, tó ní kí wọ́n gbẹ́ Erédò kí a má bàa gbàgbé òun. Àwọn kan ní òun náà ni Ayaba Ṣébà tí Bíbélì àti Kùránì sọ. Ìwádìí tí àwọn awalẹ̀pìtàn ṣe nípa ọjọ́ orí Erédò kò gbe ìyẹn, nítorí ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìgbà Ṣébà ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Àwọn èèyàn ń rìnrìn-àjò lọ síbẹ̀ fún àdúrà, àti mùsùlùmí, àti àwọn mìíràn. Àṣà ibẹ̀ sì ni pé obìnrin kì í wọ ojú oórì náà. Ọmọ yín obìnrin ni. Nítorí náà ẹ bi ilé-ìwé ní pàtó: ṣé yàrà ni wọ́n ń lọ wò, àbí ojú oórì? Kì í ṣe ohun tó dára kí wọ́n kó ọmọdébìnrin dé ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n wá ní kó dúró síta láìsọ fún un tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni, yàrà ni màá kó wọn lọ, gbogbo wọn lápapọ̀.

Ẹ tún bi wọ́n ní àwọn ohun wọ̀nyí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé: àgbà mélòó ló ń bá wọn lọ, ta ló mọ ọ̀nà inú igbó náà ní Òkè-Ẹ̀rì, aago mélòó ni wọn yóò padà. Kí ọmọ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kó wọ ṣòkòtò gígùn, kó gbé omi dání. Ẹ sì fún un ní iṣẹ́ tirẹ̀: kó fi ìṣísẹ̀ wọn bí yàrà ṣe fẹ̀ tó, kó ya àwòrán rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kó bi ẹni tó ń mú wọn rìn pé irinṣẹ́ wo ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Bó bá dé lálẹ́, bàbá rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ ròyìn fún. Mo gbà pé ọkàn bàbá á rọ̀.

Àwòrán ọmọ mi lórí Facebook

*Wọ́n ya ọmọ mi níbi tó ti ń sunkún lọ́jọ́ eré ìdárayá, wọ́n gbé e sórí Facebook ilé-ìwé. Ṣé ó tọ́?*
— Ìyá ọmọ, Ṣágámù

Kò tọ́. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 béèrè pé kí wọ́n gba ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́ kí wọ́n tó lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ ti ọmọdé. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá ẹ fẹ́ kí wọ́n máa lo àwòrán rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú tàbí ẹ kò fẹ́. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan. Ẹ̀yin tíṣà, tí ẹ bá fẹ́ fi iṣẹ́ kíláàsì han àwọn òbí, ọwọ́ ọmọ lórí iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ yà, ìyẹn náà tó.

Táyéwò ṣe Karùn-ún, Kẹ́hìndé ṣe Kọkàndínlógún

*Ìbejì mi wà ní kíláàsì kan náà. Rìpọ́ọ̀tì káàdì wọn ti dá wàhálà sílẹ̀. Kẹ́hìndé ò jẹun lọ́jọ́ náà.*
— Bàbá Ìbejì, Ìṣarà

Bàbá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má ka ipò wọn sókè lójú ara wọn mọ́. Ẹ mú káàdì Kẹ́hìndé nìkan, ẹ jókòó tì í, kí ẹ wo iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, máàkì ìdánwò kékeré inú sáà lápá kan, ti ìdánwò ìparí sáà lápá kejì. Bó bá ṣe dáadáa nínú ti kékeré tó sì já wálẹ̀ nínú ti ìparí, ìwé náà yé e, ẹ̀rù tàbí àìtó àkókò ló mú un. Bó bá kéré nínú méjèèjì, ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yẹn ni kò lágbára, ẹ sọ fún tíṣà kó padà sẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ wo iye ọjọ́ tó wá sílé-ìwé pẹ̀lú. Mo ti rí ọmọ tí gbogbo wọn ń pè ní olódo, tó jẹ́ pé ibà ló gbé e jókòó sílé fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú sáà. Bí ilé-ìwé bá ní kíláàsì méjì, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ṣé kí n lọ sọ̀rọ̀ ní kíláàsì ọmọ ọmọ mi?

*Ọmọ mi Olùkọ́, ó dọwọ́ yín. Tíṣà ọmọ ọmọ mi ní kí n wá sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì bí ilé-ìwé ṣe rí láyé àtijọ́. Mo wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ní 1955. Àwọn ọmọ mi ní kí n má lọ, pé Gẹ̀ẹ́sì mi kò dán mọ́rán tó, pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ ní ilé-ìwé yẹn.*
— Bàbá àgbà, Àwà-Ìjẹ̀bú

Bàbá mi, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ, kí ẹ sì sọ ọ́ ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ yẹn ti kà nípa ọjọ́ 17 oṣù Kìíní, 1955, tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nínú ìwé? Wọ́n mọ̀ pé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà. Bóyá wọn kò mọ̀ pé Stephen Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ tó gbé ètò náà kalẹ̀, ọmọ Àwà tí ẹ̀yin ń gbé gan-an ni. Wọ́n lè ti kà pé iye àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lé díẹ̀ ní 450,000 ní 1954 fò sókè kọjá 800,000 ní 1955. Ohun tí wọn kò tíì rí rí ni ẹnì kan nínú àwọn ọmọ náà tó jókòó síwájú wọn. Ẹ̀yin ni. Ẹ sọ bí bẹ́ǹṣì ṣe rí fún wọn, ẹni mélòó ló jókòó lórí ọ̀kan, bóyá abẹ́ igi ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ yín. Ẹ sọ ẹni tó mú yín lọ láàárọ̀ ọjọ́ kìíní àti ohun tí ẹ jẹ kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ẹ bá ṣì ní síléètì yín, tàbí káàdì àtijọ́ kan, ẹ mú un lọ, kí wọ́n fọwọ́ kàn án.

Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín pé mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì gba tíṣà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa láti kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, wọ́n ṣe ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Wákàtí kan tí ẹ bá fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀ kò lè dín Gẹ̀ẹ́sì ọmọ kankan kù. Bí ìlànà ilé-ìwé bá le, kí tíṣà bá wọn túmọ̀ ibi tó bá ta kókó.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín kọjá ìṣẹ́jú 15. Ìyókù, ẹ fi sílẹ̀ fún ìbéèrè wọn. Kí tíṣà ti ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ìbéèrè kan sílẹ̀ kí ẹ tó dé, kí àwọn onítìjú náà lè rí tiwọn kà. Bí ẹ bá dé sílé, ẹ jọ̀ọ́, kí ọmọ ọmọ yín bá yín kọ èyí tó ya yín lẹ́nu jù nínú àwọn ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde níbí lóṣù tó ń bọ̀.